Bí Mo Ṣe Gba Ọdẹ́ríndé Lọ́wọ́ Àìrọ̀ Lórí Òkè Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-Méjì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó hú u báyìí. Ẹni tó bá sì ní ẹran lórí iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí bí mo bá ti ki ẹsẹ̀ bọ ìtàn yìí, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni Ògúnmọ́dẹdé. Ẹ mọ̀ mí. Ẹfọ̀n ti fi ìwo gbé mi sókè rí, kí n tó balẹ̀ ni mo ti yìnbọn sí i lágbárí, orí òkú rẹ̀ ni mo sì balẹ̀ sí bí ẹni tó jókòó sórí àga. Mo ti bá ẹkùn du ihò àpáta kan ṣoṣo nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹkùn ló sì sùn síta. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, n kò bínú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé lórí Òkè Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́-Méjì, èmi tí mò ń fọ́nnu níwájú yín yìí, mo sá, mo ké, mo bẹ̀bẹ̀, mo sì fi ẹran ara mi ra ọ̀nà.

Òkè náà ga débi pé ìkùukùu kì í lè fò ó kọjá. Afẹ́fẹ́ a máa ru ìkùukùu bọ̀ láti ojú òkun, ṣùgbọ́n bó bá ti fi orí sọ ara òkè, gbogbo omi inú rẹ̀ a dà sílẹ̀ lójú kan. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkun kò mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀ẹ̀rùn: òjò lówùúrọ̀, òjò lọ́sàn-án, igi lórí igi, ewé lórí ewé. Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tó bá sọdá sí ibẹ̀, òfìfo ni. Òkúta pupa, koríko gbígbẹ àti eruku nìkan ló wà níbẹ̀. Ìjọba ti sọ gbogbo òkè náà di ọgbà ẹranko. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀. Àwọn àlejò a máa ti ìlú ńláńlá wá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, kí wọ́n lè dúró sí góńgó òkè, kí wọ́n rí òjò lápá kan àti ọ̀gbẹlẹ̀ lápá kejì. Ọdẹ́ríndé, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ló máa ń mú wọn gòkè. Òun náà ti ṣe ọdẹ rí, ṣùgbọ́n ó fi ìbọn sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ olùṣọ́ igbó, ó sì ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní abúlé kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ gbígbẹ òkè náà. Ọdẹ tí ń ṣọ́ ẹran kí ọdẹ má baà pa á! Mo bínú, n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó mú àwọn àlejò dé góńgó, ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ìsàlẹ̀, ni apá kan tó pupa bí irin inú iná bá yọ láti ẹ̀yìn òkúta ní ẹ̀gbẹ́ gbígbẹ. Ó gbá a lọ́rùn mú, ó sì fà á lọ. Àwọn àlejò sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹlòmíràn sọ bàtà nù, ẹlòmíràn sọ ohùn nù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Àwẹ̀ró, ìyàwó àbúrò mi, wọlé tọ̀ mí wá. Kò kúnlẹ̀ bó ti máa ń ṣe, kò sì jókòó. Ó di àdá mú.

"Ọkọ mi," ló wí, bó ṣe máa ń pe èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ nìyẹn, "ẹ gbé ìbọn yín. Òkè ti mú Baba Ìgè."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi láìsunkún. Mo dìde. Mo ní, "Padà sílé lọ dúró ti ọmọ rẹ. Màá mú ọkọ rẹ bọ̀."

"Ìgè wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Bí ẹ bá ní kí n má bá yín lọ, màá gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bojú wẹ̀yìn lọ́nà, ẹ óò rí mi."

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká. Àwa méjèèjì la jọ lọ bá Láṣebìkan, ọ̀gá àwọn olùṣọ́ igbó, lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ojú rẹ̀ sì ti wú nítorí pé kò sùn. Ó wo ìbọn mi, ó mí kanlẹ̀.

"Baba, ẹranko kan kò gbọdọ̀ kú lọ́wọ́ yín nínú igbó yìí."

"Bí ẹranko bá fẹ́ pa mí ńkọ́?"

"Ẹ sá."

"Bí ohun tí kì í ṣe ẹranko, tí kì í sì í ṣe ènìyàn bá dojú kọ mí ńkọ́?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde. Ó ní, "Òfin kò dárúkọ ìyẹn. Bí ẹ bá ṣe rí i sí, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀." Ló bá ṣí ìlẹ̀kùn ọgbà fún wa.

A kò lè gba ẹ̀gbẹ́ gbígbẹ gòkè, nítorí àpáta ìsàlẹ̀ ibẹ̀ dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹ̀gbẹ́ òjò nìkan ló ní ọ̀nà, àgbàrá sì ti gbé ọ̀nà àwọn àlejò lọ lóru, nítorí náà inú igbó la gbà. Mo fi ọ̀rá di ẹ̀tù àti ọta ìbọn mi, mo kì wọ́n bọ àpò, a sì wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ti rí òjò rí, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì rí òjò. Ti ibẹ̀ kì í rọ̀ láti òkè nìkan. Ó ń jáde lára igi, ó ń yọ láti inú ilẹ̀, ó ń wọ ènìyàn nímú bí ó bá fẹ́ mí. Eṣúṣú bò wá lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ń bá omi ṣàn lọ. Bí Àwẹ̀ró bá fi àdá fá wọn kúrò, àwọn mìíràn a ti dúró de àyè. Mo rí ìnàkí kan tó jókòó sábẹ́ ewé ńlá, ó káwọ́ lérí bí opó, ó wò wá tàánútàánú, ó sì ṣíjú kúrò. Mo sọ fún ara mi pé ibi tí ìnàkí ti ń káàánú ọdẹ, ibẹ̀ kò dára.

Kò pẹ́ rárá tí ilẹ̀ tí mo tẹ̀ fi mí. Mo ní ó mí! Ó wú sókè, ó dìde dúró, ó ga ju ìrókò lọ. Omi ni gbogbo ara rẹ̀, omi tó pọ́n bí àgbàrá. Ẹja ń wẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, agbárí ènìyàn sì ń yí kiri láàárín àwọn ẹja náà. Kí n tó tú ọ̀rá kúrò lára ẹ̀tù, ó ti gbé Àwẹ̀ró mì dé ìbàdí. Mo yọ àdá tèmi nínú àkọ̀, mo fi ṣá a. Àdá wọlé, àdá jáde, omi padé. Mo ṣá a títí apá fi ro mí, ńṣe ló dà bíi pé mò ń ṣá odò. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró ń jà lóde, orí rẹ̀ wà nínú, mo sì ń wo ojú rẹ̀ láàárín àwọn agbárí yẹn. Mo ju àdá nù, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ikùn ẹbọra náà, mo fà á bí ẹni tó ń fa kùkùté. Ó já bọ́ lé mi lórí, ó bi omi àti ẹja wẹ́wẹ́.

Ẹbọra náà rẹ́rìn-ín. "Èmi ni Àìdá," ló wí. "Òjò mi kò dá rí láti ìgbà tí òkè yìí ti wà. Ẹ gbóná, ẹ sì dùn. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè mi, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dáhùn rẹ̀. Kí ni ó ń tẹ̀ lé gbogbo yín kiri, tí kò tẹ̀ lé èmi rí?"

Inú ẹrẹ̀ tí mo dùbúlẹ̀ sí ni mo ti ronú. Mo wo òkè, n kò rí ojú ọ̀run. Mo wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Òjìji ni," ni mo wí. "Oòrùn kò tan dé ọ̀dọ̀ rẹ rí."

Inú rẹ̀ bàjẹ́ débi pé òjò le sí i. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. N kò ní jẹ yín. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé màá jẹ́ kí ẹ kọjá. Mo mọ ibi tí ẹ ń lọ. Àìrọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, tó ni ẹ̀gbẹ́ kejì, ló gbé èèyàn yín. Fún mi ní ohun gbígbóná kan lára rẹ tí kò ní padà sọ́dọ̀ rẹ mọ́, màá sì yà fún yín."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi fìlà lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Mo fi aṣọ lọ̀ ọ́, ó ní tútù ni. Ẹ wo ọwọ́ òsì mi yìí dáadáa. Ẹ rí i pé kò ní ọmọ-ìka tó kéré jù. Mo gbé e lé gbòǹgbò igi, mo ní kí Àwẹ̀ró gé e. Ó gbé àdá sókè. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí." Mo ní, "Gé e kí n tó yí ọkàn padà!" Ó gé e. Igbe tí mo ké, ọ̀bọ já bọ́ lórí igi. Àìdá gba ìka náà, ó gbé e sí àárín àyà rẹ̀, ó dijú bí ọmọ tó rí ọmú, ó sì yà kúrò lọ́nà.

A gòkè títí a fi dé góńgó. Ẹ̀yin ará, mo dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà nínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi wà nínú eruku. Òjò ń lù mí ní èjìká kan, oòrùn ń sun mí ní èkejì. Kò sí àárín; ibi tí òjò parí sí dà bí ibi tí aṣọ parí sí. Bí mo ti na ọwọ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀ sí apá gbígbẹ báyìí, ẹ̀jẹ̀ náà gbẹ pa sí ojú ọgbẹ́. Àwẹ̀ró kò wo èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Ó tú akèrègbè kúrò ní ìbàdí, ó gbé e sábẹ́ òjò títí ó fi kún, ó dé e. "Òùngbẹ á ti máa gbẹ Baba Ìgè," ló wí.

Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, a gbọ́ ìró òkúta tí wọ́n ń fọ́. Àwọn ènìyàn kan ló wà níbẹ̀, bí a bá lè pè wọ́n bẹ́ẹ̀: awọ ti lẹ̀ mọ́ egungun wọn, ètè wọn ti ká kúrò lórí eyín, wọ́n sì ń lu òkúta láìsinmi. Àwọn tí Àìrọ̀ ti mu gbogbo omi ara wọn tán nìyẹn. Bí wọ́n ṣe gbóòórùn omi akèrègbè, wọ́n ju òkúta sílẹ̀, wọ́n rọ́ lù wá. Mo yìnbọn, èyí tó wà níwájú fọ́ yángá bí igi gbígbẹ. Mo yí ìdí ìbọn padà, mo fi í lu agbárí, mo lu egungun ìhà, eruku ń sọ níbi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti máa sọ. Wọ́n gé mi jẹ ní apá, wọ́n gé mi jẹ ní itan. Àwẹ̀ró ń ké pé, "Ẹ rọra! Ẹ jẹ́ kí n wo ojú wọn ná!" Bí èyí bá bọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, a kọ́kọ́ dì í mú lágbọ̀n, a wo ojú rẹ̀, kó tó bẹ́ ẹ lórí. Láyé mi, n kò rí ogun tí ó le tó ti obìnrin yẹn. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn ṣubú, ó sinmi lé àdá. "Baba Ìgè kò sí nínú wọn," ló wí, ó sì mí kanlẹ̀.

Mo tún ki ìbọn mi, ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí ibẹ̀ la sì ti rí i. Ọdẹ́ríndé wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn, ó ń gbẹ́ àpáta pẹ̀lú òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó, Àìrọ̀ sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin ni Àìrọ̀, òkúta pupa sì ni gbogbo ara rẹ̀, ooru ń jó lára rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni irun rẹ̀. Bí òógùn bá yọ lẹ́yìn àbúrò mi, yóò na ahọ́n tó rí bí ayùn, yóò fi lá a kúrò pẹ̀lú awọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ ìyá mi ti di ẹran pupa. Kò lè ké. Ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ.

"Ta ló ń rùn bí òjò níbẹ̀ yẹn?" ni Àìrọ̀ wí láìyíjú.

"Èmi Ògúnmọ́dẹdé ni. Ẹni tí ò ń lá yẹn, àbúrò mi ni. Mo wá mú un."

"Òógùn rẹ̀ dùn, n kò tíì mu ún tán. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Dá mi lóhùn, kí o mú un lọ: kí ni mò ń wá lójoojúmọ́, tí yóò sì pa mí lọ́jọ́ tí mo bá rí i?"

Ooru ti da orí mi rú. Àwẹ̀ró ló dáhùn. "Òjò ni," ló wí jẹ́jẹ́, ó sì wò mí. Èmi náà wò ó. Àwa méjèèjì ti gbọ́ ohun tí Àìrọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

"Obìnrin yìí gbọ́n," ni Àìrọ̀ wí, ó dìde. "Ó dára, ẹ mú un. Obìnrin náà ni yóò dúró dípò rẹ̀."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la sọ!"

"Bí mo ṣe fẹ́ nìyẹn."

Mo yìnbọn sí i lójú. Ọta fò padà, ó ta iná, ó sì fa etí mi ya. Ó di ẹnu ìbọn mú, irin náà rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ìda, ó jù ú nù. Ó fi ọwọ́ kejì fún Ọdẹ́ríndé lọ́rùn, ó gbé e sókè. Mo gbọ́ òórùn ẹran ara rẹ̀ tó ń jóná. Nígbà náà ni Àwẹ̀ró wo akèrègbè, omi tó ti gbé gòkè gbé sọ̀kalẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó sì là á mọ́ ọwọ́ Àìrọ̀. Ẹ ti da omi tútù sínú ìkòkò gbígbóná rí? Ọwọ́ náà dún gbàù, ó ya ní ọrùn-ọwọ́, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ́ríndé. Mo gbé àbúrò mi kọ́ èjìká, ó fúyẹ́ bí igi ìdáná, a sì sá. Igbe Àìrọ̀ ń la àpáta lẹ́yìn wa. Òkúta tó ń jù ń gbóná kọjá lórí wa, ọ̀kan gba Àwẹ̀ró ní ẹ̀gbẹ́, ó ṣubú, ó dìde, ó ń fi ọwọ́ di ìhà rẹ̀ sá lọ.

Ó kù díẹ̀ kí a wọ inú òjò ni Àìrọ̀ na ọwọ́ tó kù mú ẹsẹ̀ Ọdẹ́ríndé. Mo ń fà á síhìn-ín, ó ń fà á sọ́hùn-ún, mo sì gbọ́ tí eegun ìbàdí ọmọ ìyá mi ń dún. Mo mọ̀ pé bí mo bá tún fà á, yóò ya sí méjì. Ni mo bá fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jù ú sílẹ̀, mo sì bẹ́ mọ́ Àìrọ̀ lára! Mo fi apá méjèèjì dì mọ́ ọn bí ẹni tó dì mọ́ ààrò tí wọ́n ń fi iná sí lọ́wọ́. Ẹ wò ó, ẹ wo àyà mi. Irun kò hù níbẹ̀ mọ́ títí di òní. Mo ké ní orúkọ ìyá wa, mo ti ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbé ara mi àti òun yí sínú òjò.

Ó fọ́. Òkè mì tìtì. Àfọ́kù rẹ̀ ń fò bí ọta, ọ̀kan la ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àwẹ̀ró, àwọn mìíràn wọ inú igi. Nígbà tí ojú mi là, ohun kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀: ọkàn rẹ̀, òkúta kan tó tó orí ọmọdé, ó ṣì ń pọ́n yòò, òjò sì ń hó lórí rẹ̀.

Kí a tó mí, Àìdá dìde níwájú wa. "Ẹ padà dé," ló wí.

"Yà fún wa. Mo ti san án."

"Lílọ lo san. Ta ló tà bíbọ̀ fún ọ? Ìka kékeré yẹn ti tutù. Mo fẹ́ ohun gbígbóná, èyí tó tóbi." Ojú rẹ̀ wà lára Ọdẹ́ríndé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín ló pa mí, pẹ̀lú gbogbo ìrora yẹn. Mo gba àdá Àwẹ̀ró, mo fi pẹlẹbẹ rẹ̀ wa ọkàn Àìrọ̀ nílẹ̀. "Ṣé gbígbóná lo wí?" Mo jù ú sínú ikùn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹja inú rẹ̀ yí ikùn sókè. Omi ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hó, agbárí ń lu ara wọn kọ̀ kọ̀ kọ̀, ó lanu láti ké, èéfín ló jáde. Ó hó títí ó fi túká, kùrukùru funfun bo gbogbo òkè. Bóyá ó kú ni o, bóyá ó lọ ni o, n kò dúró bi í. A gbé Ọdẹ́ríndé, a sì sáré sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru gbígbóná yẹn, láìríran, tí igi ń gbá wa lójú.

Láṣebìkan àti àwọn olùṣọ́ igbó ló bá wa gbé e dé ilé rẹ̀ ní abúlé ìsàlẹ̀ àpáta. A tẹ́ ẹ sórí ẹní, a di ọgbẹ́ rẹ̀. Àwẹ̀ró ń fi ṣíbí kán omi sí i lẹ́nu, omi náà ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ètè. Kò gbé e mì. Kò sọ̀rọ̀. Ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo àjà. Gbogbo wa mọ ohun tó ń bọ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń rántí àwọn ọdún tí mo fi ń bá a yodì nítorí ìbọn.

Ọ̀sán gangan ni. Òjìji ńlá kan kọjá lórí abúlé. Mo gbójú sókè, mo rí ìkùukùu dúdú tó ń fo góńgó òkè bọ̀ wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, ohun tí bàbá ẹnikẹ́ni lábúlé yẹn kò rí rí. Àwọn arúgbó jáde, wọ́n dúró, wọ́n ń fi ọwọ́ bo iwájú orí. Ẹ̀kán kan bọ́ sínú eruku níwájú mi. Òmíràn bọ́. Lójijì ni òjò ya lulẹ̀ lórí àwọn òrùlé tí kò mọ òjò, ó ń jò sínú gbogbo ilé, àwọn ènìyàn ń pariwo, ewúrẹ́ ń sá kiri nítorí pé wọn kò mọ ohun tó ń lù wọ́n.

Mo gbọ́ ariwo Àwẹ̀ró lẹ́yìn mi. Ọdẹ́ríndé ti dìde. Ó fọwọ́ ti ògiri, ó fọwọ́ ti èjìká mi, ó rá kọjá lára mi bọ́ síta, ó sì kúnlẹ̀ ní àárín àgbàlá, ó gbé ojú sókè, ó lanu. Mo rí i tí gògóńgò rẹ̀ lọ sókè, tó tún bọ̀ sísàlẹ̀. Ó gbé e mì! Ó tún gbé e mì. Àwẹ̀ró sáré jáde, ó ń ké pé ọgbẹ́ rẹ̀ ń tutù, kó wọlé. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì fà á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Àwẹ̀ró," ló wí, ohùn rẹ̀ há bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀, "dákẹ́ ná. Mu díẹ̀."